Láti Debian 12 bọ́ sí 13 láìlo díìsìkì

Kò sí ìdí láti wá síìdì tàbí flash kí ẹ tó gbé Debian (irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) sókè. Apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gba ètò, á fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ẹ má fo ẹ̀dà kankan: ẹni tó wà lórí 11 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé 12. Bí àṣẹ uname -m bá sì dáhùn i686 (ìyẹn 32-bit), ẹ dúró síbi tí ẹ wà, torí Debian 13 (orúkọ rẹ̀ ni trixie, ó jáde ní oṣù kẹjọ 2025) kò ní kernel (ọkàn ètò náà) fún i386, ìyẹn irú 32-bit bẹ́ẹ̀, mọ́.

Ẹ da /etc àti /home kọ sórí díìsìkì mìíràn. Ẹ fi apt update àti apt full-upgrade parí gbogbo àtúnṣe tó kù lórí 12. Ẹ tẹ apt-mark showhold: package (ètò tí apt ń gbé wọlé) tó bá yọjú níbẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ ni, ó sì lè dínà mọ́ àwọn yòókù.

/boot, ibi tí kernel wà, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ó yẹ kó tó 768 MB, kí nǹkan bí 300 MB sì ṣófo nínú rẹ̀; df -h /boot á fi hàn yín. Bó bá kún, initrd tuntun (fáìlì tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀) á dá dúró lágbede méjì, dpkg (irinṣẹ́ tí apt fi ń to package) á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Àṣẹ apt autoremove á kó kernel àtijọ́ kúrò.

Bó bá jẹ́ ssh lẹ fi wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣí tmux, tó ń mú iṣẹ́ lọ bí ẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí iṣẹ́ má bàa kú bí ìsopọ̀ bá já. Ẹ wo /etc/apt/sources.list.d, níbi tí apt ti ń ka ibi tó ń gba package, kí ẹ fi # síwájú ìlà tí kì í ṣe ti Debian. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí root (aláṣẹ kọ̀ǹpútà), ẹ fi trixie rọ́pò bookworm, ìyẹn orúkọ Debian 12, kí ẹ sì tẹ ìyókù:

sed -i 's/bookworm/trixie/g' /etc/apt/sources.list
apt update
apt upgrade --without-new-pkgs
apt full-upgrade

Ìlà kẹta ń gbé ohun tí kò ní yọ package kankan tàbí fi tuntun kún un, kí ìjà tó kù fún ìlà kẹrin lè dínkù. Kí ẹ tó dáhùn Y sí full-upgrade, ẹ ka orúkọ àwọn tó fẹ́ yọ. Bí ẹ bá rí gnome-shell (ojú iṣẹ́ tí ẹ ń rí lórí kọ̀ǹpútà) tàbí ohun mìíràn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ níbẹ̀, n ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ wá ohun tó fà á.

Láàárín iṣẹ́, dpkg lè bi yín bóyá kó fi tuntun rọ́pò fáìlì tí ẹ ti fọwọ́ yí padà, bíi /etc/sudoers, tó ń sọ ẹni tó lè lo sudo láti ṣiṣẹ́ bí root. Ẹ tẹ D kí ẹ rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá tẹ Y, àwọn ìlà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ á kúrò nínú rẹ̀, bóyá èyí tó fún yín láṣẹ sudo gan-an. N ló dára jù: tiyín á dúró, tuntun á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú .dpkg-dist, kí ẹ fara balẹ̀ kà á nígbà tó bá yá.

Iná lọ lójijì? Ẹ tẹ dpkg --configure -a, lẹ́yìn náà apt --fix-broken install, kí ẹ tún full-upgrade ṣe.

Ẹ reboot. Ìgbà tí kernel tuntun bá ti gbé kọ̀ǹpútà dìde, tí cat /etc/debian_version sì sọ 13, nìkan ni kí ẹ tó tún tẹ apt autoremove. Ẹ wá máa yọ àwọn # yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olúkúlùkù bá ti ní ti trixie.