Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ náànì l'Ékòó: ẹ ka wákàtí kẹ́ ẹ tó dárúkọ owó

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ọmọ títọ́ l'Ékòó, ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi wá lórí fóònù: "Èló lẹ máa gbà?" Ẹ má dáhùn. Ẹni tó bá dárúkọ owó kó tó mọ aago tó máa wọlé àti aago tó máa jáde ti jẹ gbèsè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n padà: "Aago mélòó lẹ ń jáde nílé, mà? Aago mélòó lẹ ń dé? Sátidé ńkọ́?" Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ̀rọ̀ owó tó kàn.

Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ń ṣe bíi wákàtí 173 lóṣù. Ẹ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 404 náírà fún wákàtí kan. Ẹ wá wo náànì tó ń wọlé ní aago méje àárọ̀, tó ń jáde ní aago méje alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 12 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, 312 nìyẹn. Ní 404 fún wákàtí kan, owó rẹ̀ di 126,048 náírà. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù náà ni mo ṣì ń sọ o. Mádààmú tó bá wá ní òun á san 70,000 "torí iye tíjọba ń san nìyẹn," 224 náírà ló ń fún yín ní wákàtí kan. Àmọ́ ẹ má fi òfin yẹn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, torí ó yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ kàn fi mọ iye tí wákàtí yín tó ni.

Owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé yín: kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú dé Kẹtu, òmíràn dé Ìkẹjà, kẹ̀kẹ́ dé géètì ẹ̀sítéètì. Ẹ fi ti ìrọ̀lẹ́ ṣírò àbọ̀ yín, torí ó máa ń wọ́n ju ti àárọ̀ lọ, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀. Ká ní 2,500 ni lójúmọ́, 65,000 nìyẹn fún ọjọ́ 26.

Tẹ́ ẹ bá dárúkọ owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀ pa pọ̀, wọ́n á pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé èló ló wà lọ́wọ́ wọn. Ká ní 120,000 ni wọ́n ní. Ẹ má bá wọn jà lórí owó. Wákàtí ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ yọ Sátidé kúrò, ọjọ́ 22 ló kù, owó ọkọ̀ di 55,000. 65,000 tó ṣẹ́ kù ra bíi wákàtí 160, ìyẹn wákàtí méje lójúmọ́. Ẹ óò máa wọlé ní aago méje, ẹ óò jáde ní aago méjì, kí ìyá ọkọ tàbí àbúrò wọn gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ohun tí a kì í gbà ni kí owó dínkù kí wákàtí dúró síbi tó wà.

Ibi tó ti máa ń dunni jù ni ìrọ̀lẹ́. Aago méje lù. Ẹ ti wẹ ọmọ, ó ti wọ aṣọ àwọ̀sùn, ẹ ti fọ fíídà, báàgì yín ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lórí afárá Third Mainland, mò ń bọ̀." Aago mẹ́jọ. Ọmọ ti ń sunkún ìyá rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, fóònù wọn kò lọ mọ́. Ẹ kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ tiyín wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, kò tíì jẹun alẹ́. Ó ti kọjá aago mẹ́sàn-án kí géètì tó dún. "Ẹ kú sùúrù, Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín." Ẹ dé Kẹtu, bọ́ọ̀sì Ìkòròdú ti gbówó lórí, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò ní ṣéńjì. Lọ́jọ́ kejì, tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, wọ́n á gbójú sókè wo aago ara ògiri.

Torí náà, mo ń fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, 1,500 náírà fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá wọ inú wákàtí, odindi ni. Tó bá ti kọjá aago mẹ́sàn-án, àwọn ló máa sanwó mọ́tò tó máa gbé mi délé. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ là ń gba owó yìí o, ká má dúró dìgbà tí oṣù bá parí, kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò rántí. Ẹ óò rí i pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa ń dínkù fún ẹni tó ń sanwó rẹ̀.

Àwọn kan á ní ojú mi le jù, pé ọmọ kì í ṣe ọjà. Èmi náà fẹ́ràn ọmọ. Ìfẹ́ yẹn kì í gbé mi dé Ìkòròdú.

Iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn ń yí owó padà. Ọmọ tuntun ń jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra, òru kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kó sùn síbẹ̀ nítorí rẹ̀, iṣẹ́ kejì nìyẹn, owó kejì. Fún ìbejì, mo máa ń fi ìdajì lé owó ọmọ kan. Ẹ̀jìrẹ́ ń sọ alákìísà di aláṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn ni wọ́n ń sọ di aláṣọ, kì í ṣe náànì. Aṣọ ọmọ, oúnjẹ ọmọ, yàrá ọmọ, tiwa ni. Ṣẹ́ẹ̀tì dádì àti iyán àlejò kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbélé wọn bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀, àmọ́ kó béèrè aago tó máa jókòó àti ọjọ́ tó máa lọ sílé. Oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ara owó oṣù. Ti òde àríyá Sátidé, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ gbà, bí ọmọ bá tilẹ̀ ń sùn. Kí wọ́n tó jáde nílé ni kí àláàtì ti wọlé, torí ẹni tó ti ná owó tán lójú agbo á ní "ó dọ̀la."

Tí wọ́n bá gbà yín láàárín oṣù, ẹ fi 26 pín owó oṣù (22 ni tí Sátidé ò bá sí níbẹ̀), kẹ́ ẹ fi iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ 130,000 fún ọjọ́ 26, 5,000 ni ọjọ́ kan.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bí a ṣe sọ ọ́: aago 7 àárọ̀ sí 2 ọ̀sán, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọmọ kan. 120,000, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù. Lẹ́yìn aago 2:30, 1,500 fún wákàtí kan. Tí owó ọkọ̀ bá lé, a máa jọ tún un sọ." Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn pé àwọn gbà, kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́.