Omi tá à ń fà fọ́mọ

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé torí àbúrò mi tí ibà pa ni mo ṣe lọ kọ́ṣẹ́ dọ́kítà. Òótọ́ ni, òun ló mú mi wọlé. Ohun tó mú mi dúró síbẹ̀ yàtọ̀, ìwádìí kan ni, ó sì tún sọ sí mi lọ́kàn lónìí nígbà tí ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ wá láti ọ̀nà Ìyàrá, ara ọmọ gbóná janjan, ọwọ́ ẹsẹ̀ tutù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní "Òkun o dọ́kítà, ẹ dákun ẹ fa omi fún un, ẹ fà á dáadáa." Ní Kàbà níbí, aláìsàn tí wọn ò bá gbé dírípù kọ́ fún, àwọn èèyàn ẹ̀ á ní wọn ò tíì tọ́jú ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn o, pé tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti dé ọwọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́, ká sáré fa omi sí i lára. Dọ́kítà ọmọdé kan, Kathryn Maitland, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wá lọ dán an wò ní Kenya, Uganda àti Tanzania, FEAST ni wọ́n pe ìwádìí yẹn, ọmọ 3,141 tí ibà ti dá wó, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n sáré fa omi fún àwọn kan, àwọn tó kù ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Ní 2011 wọ́n dá a dúró láìparí. Láàárín wákàtí 48, nínú àwọn tí wọn ò sáré fà á fún, bíi 7 nínú 100 ló kú, nínú àwọn tí wọ́n sáré fà á fún, ó lé ní 10 nínú 100.

Ibi tó dùn mí jù ni pé ní wákàtí àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n sáré fa omi fún yẹn ni ọwọ́ ẹsẹ̀ wọn tètè móoru jù. Dọ́kítà tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì á rí i, inú ẹ̀ á dùn, kò dẹ̀ sí bó ṣe lè fojú lásán mọ ohun tó ń bọ̀. Àfi kéèyàn ka iye ọmọ tó yè àti iye tó kú. (Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara ẹ̀ gbẹ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, wọn ò mú irú wọn mọ́ ìwádìí yẹn.)

Ibà ẹ̀fọn ni tọmọ tòní, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, a gún un lábẹ́rẹ́ artesunate, a wá ẹ̀jẹ̀ fún un, a ń fa omi díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó ti ìyá ẹ̀, mo ṣàlàyé títí.

Rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù wa láyè fún orúkọ, ọjọ́ orí àti oògùn, kò láyè fún iye omi tá a fà àti bá a ṣe yára fà á tó. Mo ti bẹ mátírọ́nì wa, wọ́n ní kí n mú rúlà wá lọ́la ká jọ fa ìlà méjì sí i.