Ẹrẹ̀ Etí Òkun Kò Gbé Mi Mì

Mo fi ìyìn fún Ọlọ́run Olódùmarè tí ó dá ẹ̀mí mi sí, tí ó sì jẹ́ kí n tún fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ inú ilé ìjọsìn yìí ní Àkúrẹ́. Mo kí àwọn bàbá wa nínú Olúwa, mo kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ mí sí aránṣọ, àwọn kan sì wà níbí tí aṣọ tí ó wà lọ́rùn wọn lónìí ti ọwọ́ mi jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ kò fi rí mi ní ìjókòó mi. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti lọ káàkiri pé mo ṣubú sínú òkun, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ tí òkun ti fà kúrò ni mo dúró sí, òkun sì padà wá bá mi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn alàgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ẹ̀rí yìí sílẹ̀ kí n tó kà á, kí n má baà fo ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìgbàlà mi.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan tí ó ti ṣe fúrídọ̀mù ni ó bí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, abúlé bàbá rẹ̀ ní etí òkun ni wọ́n sì ti fẹ́ kó ọmọ náà jáde. Ọdún mẹ́rin ni ó fi bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, kò fi ọjọ́ kan gbó mi lẹ́nu, nítorí náà n kò lè ṣe aláì lọ. Mo mú àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dání. A gba Oǹdó kọjá, a dé Ọ̀rẹ̀, a gba Òkìtìpupa, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá. Ẹni tí kò bá tíì dé apá ibẹ̀ rí yóò rò pé ayé mìíràn ni, nítorí orí òpó igi ni ilé wọn wà, afárá pákó sì ni títì tí wọ́n ń rìn láti ilé kan dé ìkejì. Bàbá kan nínú ọkọ̀ ń sọ fún wa nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, bí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé tí ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ilé lọ. Mo gbọ́, mo káàánú wọn, mo sì yí ojú mi sí ọmọ mi tí ó ń fi ọwọ́ kan omi.

Ìkómọ náà dára, n kò ní fi ìyẹn gùn yín lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni oṣù àrànmọ́jú yọ, ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò tan àtùpà síta, a sì ń gbọ́ omi tí ó ń lu òpó ilé nísàlẹ̀ ibi tí a sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, omi ti fà lọ jìnnà débi pé ibi tí ọkọ̀ sọ̀ wá kalẹ̀ sí ní àná ti di ilẹ̀ gbalasa. Àwọn ọmọ abúlé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí apá tí ó le. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ọkọ̀ kéékèèké sáré ìje ní ẹnu odò, àjẹ̀ wọn ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń wà á. Ọmọ mi bá wọn dá sí bọ́ọ̀lù náà, èmi sì jókòó sí orí afárá, inú mi dùn.

Ó yẹ kí n sọ bí etí òkun ibẹ̀ ti rí, nítorí kò dà bí ti Èkó tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Yanrìn ni ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni ti ibẹ̀, ẹrẹ̀ Màhìn, dúdú, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí a kù. Bí omi bá ti fà kúrò lórí rẹ̀ tí oòrùn sì kàn án fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ a máa dì bí ojú ẹ̀kọ tí ó ti tutù, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì rò pé ó le débi tí ojú rẹ̀ tó o. Àwọn ọmọ abúlé mọ ibi tí ó le àti ibi tí kò le. Ọmọ tèmi kò mọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù yí lọ sí apá òkun, gbogbo wọn dúró, òun nìkan ni ó sá tẹ̀lé e, ó sì wọlẹ̀ dé orúnkún.

N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, mo sáré lọ bá a pẹ̀lú ìró lára mi. Mo gbá a mú ní abẹ́ apá, mo fà á yọ, mo sì tì í síwájú. Nítorí pé ó fúyẹ́, ó fi àyà rá lórí ẹrẹ̀ náà títí ó fi dé ibi tí ó le. Agbára tí mo fi gbé e sókè ni ó tẹ èmi mọ́lẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wọlẹ̀ dé itan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ti rí. Ẹrẹ̀ náà kò dùn mí, kò gún mi. Ó dì mí mú ni, bí ìgbà tí ìka bá há sí ẹnu ìgò. Bí mo bá fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti òsì a tún wọlẹ̀ sí i. Bí mo bá sì fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ kí n lè ti ara mi sókè, ọwọ́ náà a wọlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ mi ń sunkún. Mo sọ fún un pé kí ó má sunkún mọ́, kí ó sáré lọ pe bàbá ọmọ iṣẹ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé omi tí ó jìnnà réré ní àárọ̀ ti sún mọ́ mi.

Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ mọ́ òkun ni ariwo. Òkun tí ó ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ náà kò hó rárá. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ẹrẹ̀ yẹn a máa gba agbára ìgbì, tí ìgbì yóò fi rọ̀ kí ó tó dé etí ilẹ̀. Ó ń rá bọ̀ bí omi tí ó dà sílẹ̀ nínú yàrá, ó kan itan mi, ó kan ìbàdí mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ parẹ́ lórí mi, àfi orúkọ Jésù.

Bàbá náà dé pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta. Wọn kò sáré wọ inú ẹrẹ̀ bí èmi ti ṣe. Pákó fífẹ̀ méjì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi orúnkún rìn lórí wọn, wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ kékeré kan tẹ̀lé ara wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá sọ fún mi ni pé, “Ọ̀gá ọmọ mi, ẹ má fà á mọ́. Bí ẹ ti ń fà á ni ó ń mú yín.” Ó ní kí n tú ìró mi sílẹ̀, kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó bí ẹni tí ó fẹ́ sùn, kí n sì na apá mi méjèèjì. Ẹ wo ẹni tí omi ti dé ìbàdí rẹ̀ tí wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀ sínú omi! Ṣùgbọ́n ohùn bàbá kò gbọ̀n, mo sì gbọ́ràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé orí mi ró kí omi má baà bo ojú mi. Bàbá tẹ̀ lé orúnkún, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń gbẹ́ ẹrẹ̀ náà, ó sì ń jẹ́ kí omi ráyè wọ ibi tí ó gbẹ́ títí lọ sísàlẹ̀, nítorí pé àìráyè omi àti afẹ́fẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ di ẹsẹ̀ mú. Ó ní kí n máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí n má ṣe kánjú. Omi ń wọ etí mi. Mo ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí n kò lè rí. Ó pẹ́, ó pẹ́, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó dún pọ́ọ̀, tí ó sì yọ. Ti òsì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí mi sínú ọkọ̀ kékeré náà, a sì dé afárá lórí omi tí ó ti tó gbé ọkọ̀ nígbà náà. Sálúbàtà mi méjèèjì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni bàbá jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé ohun tí ojú mi rí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó ń fà; láti ìfà dé ìkún a máa tó wákàtí 6 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, ìkún tọ̀la a sì máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti òní lọ. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá a jọ máa fa omi pọ̀, omi yóò fà jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, yóò sì padà wá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, láàárín wákàtí mẹ́fà kan náà. Ilẹ̀ gbalasa tí mo rí ní àárọ̀, oṣù tí a gbádùn ní alẹ́ ni ó ṣí i sílẹ̀. Bàbá tún ní omi kì í kún lọ́gbọọgba, pé ó a máa lọ́ra ní wákàtí àkọ́kọ́, pé wákàtí kẹta àti ìkẹrin ni ó máa ń sáré jù. Inú wákàtí kẹta ni wọ́n yọ mí.

Àwọn kan ti wá bá mi nílé pé òkun béèrè ẹbọ lọ́wọ́ mi ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́rìí sí ohun tí n kò rí. Ẹrẹ̀ ni ó dì mí mú, omi tí Ọlọ́run ti fún ní àkókò tirẹ̀ ni ó sì ń bọ̀. Ọlọ́run kan náà ni ó fi ìmọ̀ àkókò náà sínú bàbá yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì mú kí ó wà nílé lọ́jọ́ tí ó yẹ kí ó ti lọ sójú ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àti lọ sí etí òkun nígbà ọdún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bi onílé pé nígbà wo ni omi ń wọlé, níbo ni ilẹ̀ ti le, kí ẹsẹ̀ ọmọ yín tó kan ilẹ̀. Gbólóhùn kan ni ìbá gbà mí.

Ẹsẹ̀ mi wú, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi ro mí fún ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sì lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí wọ́n yẹ̀ mí wò níhìn-ín ní Àkúrẹ́ sọ pé kò sí eegun tí ó ṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tí ó wá mú mi ní Igbókọ̀dá ní òru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n pín oúnjẹ ilé mi ṣe láàárín ara wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, ẹni tí ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ kàn láti ìgbà tí ara mi ti yá ni bùbá àti ṣòkòtò mẹ́rin, ọ̀kan fún bàbá, mẹ́ta fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. Mo kó wọn wá síwájú pẹpẹ lónìí kí àlùfáà wa lè gbàdúrà sí wọn kí a tó fi ránṣẹ́.

Ọmọ náà ni ó dúró tì mí yìí. Láti ìgbà tí a ti dé ni ó ti ń jáde síta lálaalẹ́ láti wo ibi tí oṣù dé, tí yóò sì wọlé wá sọ fún mi. Òun ni ó sáré lọ́jọ́ náà tí ẹsẹ̀ èmi kò lè sáré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó bá wa dá orin ìdúpẹ́ náà.