Ọwọ́ Òsì ní Hamburg, Ọwọ́ Òsì n'Ìbàdàn

Lọ́jọ́ tí màámi kọ́kọ́ rí ọmọ mi lórí fídíò WhatsApp, tó fi ọwọ́ òsì di rákẹ́ẹ̀tì mú gírígírí, ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Àbẹ̀ní, ọwọ́ wo nìyẹn? Ṣé kò sí ẹni tó lè bá ọmọ yìí wí nílùú òyìnbó ni?" Mi ò tètè fèsì. Inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà dàgbà sí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Bí ọmọdé bá na ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ àgbà, wọn á gbá a lọ́wọ́ kí owó ọ̀hún tó kúrò níbi tó wà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pàṣán ni wọ́n fi ń gba lẹ́ẹ̀dì kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọ̀tún.

Ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì, tí mo ń gbé láti ọdún 2014, olùkọ́ ọmọ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọwọ́ òsì ni ọmọ yìí ń lò. Mo ti fẹ́ máa tọrọ àforíjì. Obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: kí n ra àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì fún un, torí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kò ní í gé ìwé dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú àlùmọ́gàjí bẹ́ẹ̀ wà láyé. Mo rà á lọ́jọ́ náà gan-an. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ fi gé nǹkan nínú ilé, kì í gé fún mi.

Angelique Kerber, obìnrin ará Jámánì tó ń gbá tẹ́níìsì, ni mo fi bẹ màámi. Ọwọ́ ọ̀tún ni Kerber fi ń kọ̀wé, àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi ń gbá tẹ́níìsì. Ọwọ́ òsì yẹn ló fi gba Australian Open àti US Open lọ́dún 2016, òun náà ló fi gba Wimbledon lọ́dún 2018. Mo ní, "Màámi, Serena ló nà nínú méjì nínú àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Wọ́n ní, "Serena tiwa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún wọn láti gbé mì, torí láti ọdún 2012 tí Serena àti Venus ti wá gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkàn l'Ékòó ni gbogbo ilé wa ti sọ wọ́n di ọmọ bíbí inú wa.

Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ tí àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá náà, ti Australian Open, ṣẹlẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé ni, 30 oṣù kìíní ọdún 2016, mo ti wọ ẹ̀wù òtútù mi tán, mo fẹ́ máa lọ sílé. Àwọn arúgbó ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá kan fà mí lọ́wọ́: "Sista, jókòó." Mo jókòó. Kerber gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6–4, Serena gba ìkejì 6–3, gbogbo yàrá wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Mọ́kọ́lá, títí dé ojú pópó la ò bá ti máa pariwo. Níbí, ìyá yìí kàn ń fún mi lọ́wọ́ mọ́ra ni, tí bọ́ọ̀lù bá gùn, ọwọ́ mi á máa ro mí. Nígbà tó di 6–4 nínú ìkẹta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọdún 1999 ni Steffi Graf gba Grand Slam tó gbà gbẹ̀yìn (ọ̀kan nínú ìdíje tẹ́níìsì mẹ́rin tó tóbi jù lọ lọ́dún), ní Paris, àti pé láti ìgbà náà òun kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí òun á gùn tó láti tún rí obìnrin ará Jámánì mìíràn tí yóò gbà á. Ọdún 1988 tí wọ́n bí Kerber ní Bremen ni Graf gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún kan ṣoṣo, tó tún fi góòlù Òlíḿpíìkì lé e. Lórí WhatsApp, gbogbo ará ilé ń ṣọ̀fọ̀ Serena. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú mi dùn.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Kerber, ọdún 2011 ni mo máa ń rò jù. Ọmọ ọdún 23 ni. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń lé e jáde níbi ìdíje kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní Wimbledon ọdún yẹn, Laura Robson tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ló lé e. Ó ronú láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó wá lọ sí Offenbach, ó lọ gbára dì sí i níbi ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì tó wà níbẹ̀, nígbà tó sì dé US Open lóṣù kẹsàn-án, òun tó wà ní ipò 92 lágbàáyé ló dé ìpele ẹni mẹ́rin tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ó tún gbà á ní ọdún márùn-ún kó tó di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ọmọ ọdún 28 ni. Kò sí obìnrin kan tó ti kọ́kọ́ dé ipò yẹn ní ọjọ́ orí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi ọmọ àdúgbò wa sí ipò yẹn. Ọmọ ọdún 23, kò tíì rí owó gidi mú wálé, ó ń gba ìlú dé ìlú, ó ń pàdánù. Ìpàdé ẹbí ni wọn á pè lé e lórí. Wọn á bi í pé ìgbà wo ni yóò fẹ́ ọkọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ebi àti ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, torí wọ́n mọ̀ pé bí ọdún yẹn bá lọ báyìí, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tí yóò gbà á dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni tẹ́níìsì kọ́kọ́ mú nínú ilé wa. Ẹ̀yìn ìwé ní ọ̀sán ni wọ́n máa ń lọ ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀gá ní kílọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn. Bí àwọn ọ̀gá kò bá tíì dé, àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù á gbá díẹ̀. Bí mọ́tò àkọ́kọ́ bá ti wọlé, kí pápá ti ṣófo. Ọ̀gá kan fún wọn ní rákẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ ti já níbi mẹ́ta. Wọ́n ra okùn ìpẹja, abẹ́rẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n wá fi ìṣó kékeré fa okùn náà wọ ihò kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ méjì lábẹ́ àtùpà. Ìró tó máa ń dún bí bọ́ọ̀lù bá bà á kò jọ ti rákẹ́ẹ̀tì kankan tí mo ti gbọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ dé, fọ́ọ̀mù ń fẹ́ ìbuwọ́lù ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi wá ẹni tí yóò buwọ́ lù ú. Wọ́n padà lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Àwa náà ní ẹni tó là á já. Nduka Odizor, ọmọ Èkó, dé Wimbledon lọ́dún 1983, ó sì na Guillermo Vilas, gbajúmọ̀ ará Argentina, nígbà tí Vilas ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele kẹrin ló dé lọ́dún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, Robert Wren, ló rí i, tó sì bá a ṣọ̀nà dé Houston. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe máa ń rí: ẹnì kan ní láti rí ọ. Àdúrà wa gan-an ni, kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́ pàdé wa.

Nígbà tí Àbẹ̀ní pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo mú un lọ sí kílọ́ọ̀bù àdúgbò wa. Bàbá arúgbó kan tí kì í gba owó oṣù fún iṣẹ́ náà ló jókòó sídìí tábìlì. Ó kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo dúró, mo ń retí ìyókù. Kò bi mí pé ọmọ ta ni. Kò bi mí pé ta ló rán mi wá. Ó gbójú sókè, ó ní kí ọmọ wọ bàtà tó mọ́ wá lọ́jọ́rú. Mo dé ibi tí a ń dá kẹ̀kẹ́ dúró sí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò.

Mi ò ní í parọ́ fún ẹni tó bá ń rò ó láti ilé pé ọ̀fẹ́ ni. Owó ẹgbẹ́ ọmọdé kò pọ̀, ìjọba sì máa ń fi yúrò 15 lóṣù ran ọmọ tí owó òbí rẹ̀ kéré lọ́wọ́ fún irú nǹkan báyìí. Owó kóòṣì ló ń tú àpò. Tí òtútù bá dé, tí ó di inú gbọ̀ngàn, tún owó mìíràn nìyẹn. Bàbá Kerber ló kọ́ ọ fúnra rẹ̀ ní Kiel láti kékeré, bàbá ìyá rẹ̀ ló sì ní pápá tó ti ń ṣe ìgbáradì ní Puszczykowo, nítòsí Poznań ní Pólàǹdì tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ilé rẹ̀ gbé e ró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí.

Ilẹ̀ pupa ni pápá kílọ́ọ̀bù wa, bíríkì tí wọ́n lọ̀ kúnná. Bí ọmọ bá gbá tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa àwọ̀n ńlá yí pápá ká, láti etí wá sí àárín, bí ìkarahun ìgbín, títí ipasẹ̀ gbogbo á fi parẹ́. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìlà funfun, yóò bu omi wọ́n ọn. Ọmọ dókítà ń fà á, ọmọ mi ń fà á. Ní ìgbà ìrúwé, àwa òbí ni a ń lọ fi ọkọ́ tún un ṣe. Ìbọ̀sẹ̀ Àbẹ̀ní máa ń pọ́n bí ti ọmọ tó gba Mọ́kọ́lá kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì máa ń pẹ́ kí n tó fọ̀ ọ́.

Ibì kan wà tí ilé fi ju ibí lọ, kí n sọ ọ́. Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ bọ́ọ̀lù, láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ráhùn, àwọn ìyá alájọgbé á máa kà á fún wọn, "Ó di ogójì o!" Àbẹ̀ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri níbí lọ́jọ́ Àìkú kan, a bá ìwé lẹ́nu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ Àìkú, ariwo kò gbọdọ̀ sí. Ọdún mẹ́ta la ti wà nílé yẹn, ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí aládùúgbò náà bá wa sọ.

Lọ́jọ́ 29 oṣù keje ọdún 2023, mo mú Àbẹ̀ní lọ sí Rothenbaum, pápá ńlá Hamburg. Ọmọ ọdún 19 kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kó tó di ọ̀sẹ̀ náà ló dé àṣekágbá: Noma Noha Akugue. Reinbek, lẹ́bàá Hamburg, ni wọ́n bí i sí. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Arantxa Rus ará Netherlands gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6–0, ó sì dà bíi pé gbogbo rẹ̀ á parí láàárín wákàtí kan. Ọmọ náà kò gbà. Ó jà títí ìkejì fi di tie-break, ayò àfikún tí wọ́n fi ń parí sẹ́ẹ̀tì tó bá di 6–6. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ: "Gbá a, ọmọ mi!" Gbogbo ìlà iwájú yíjú padà. Ojú kò tì mí. Rus ló gbà á, 7–6, àmọ́ Àbẹ̀ní kò wo Rus rárá. Ọwọ́ tí Noma fi ń nu ojú rẹ̀ ló ń wò.

Kerber fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, lẹ́yìn tó ti bí ọmọbìnrin kan. Zheng Qinwen ará Ṣáínà ló gbá a jáde, tie-break sẹ́ẹ̀tì kẹta ló sì fi rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A wò ó parí, èmi àti Àbẹ̀ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo lè rí bọ́ọ̀lù àlòkù. Kílọ́ọ̀bù wa máa ń da bọ́ọ̀lù tó bá ti rọ̀ nù, mo sì bẹ bàbá tó kọ orúkọ Àbẹ̀ní lọ́jọ́sí, ó kó wọn sínú àpò méjì fún mi. Mo kà wọ́n sínú dúróòmù pẹ̀lú bàtà àti aṣọ: 164. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wà lórí wọn. Màámi ní kí n má gbàgbé láti bi àwọn ará kílọ́ọ̀bù bóyá èyí tó jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì wà níbẹ̀, torí ọmọ kan wà lára àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́. Mo ní, "Màámi, kò ní ọ̀tún, kò ní òsì, bákan náà ni rákẹ́ẹ̀tì." Wọ́n ní kí n ṣáà bi wọ́n.