Súwẹ́tà ọmọdé láti inú òwú tó ṣẹ́kù

Kí ọyẹ́ tó mú ní Kàbà àti Mopa, ẹ kó òwú tó ṣẹ́kù jọ. Bí kan bá tinrin, ẹ di méjì pọ̀ kó lè ki bí èyí tó kù. Ẹ kọ́kọ́ hun àpẹẹrẹ kékeré, kí ẹ ka iye ojú ìhun tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ó bá jẹ́ 20, iwájú tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 yóò gba ojú 60.

Apá ló máa ń dá iṣẹ́ yìí rú: ọ̀kan parí, òwú tán! Ẹ gbé òwú apá sórí ìwọ̀n, ẹ pín in sí méjì dọ́gba, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ara rárá.

Etí ni kí ẹ ti máa pààrọ̀ àwọ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ ní ìdí òwú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í bọ inú iṣẹ́ náà; kókó lásán máa ń tú, ó sì ń ha ọmọ lára. Bí irun àgùntàn bá wà nínú òwú náà, omi gbóná yóò mú súwẹ́tà súnkì.