Àkọ́rọ̀ tó ń tan àgbẹ̀ jẹ

Ní Òṣogbo àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń le lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, kí àrọ̀kúrọ̀ tó gbà á ní oṣù Owérè. Orí ètò yìí ni àwọn baba wa gbé iṣẹ́ oko lé: àkọ́rọ̀ ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo, ìdádúró oṣù Ògún ni wọ́n fi ń sá èyí tó bá ti gbó, tí wọ́n sì fi ń tún ilẹ̀ ṣe de ọ̀gbìn kejì.

Ètò yìí gan-an ló ń dàrú, òun ló sì ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́. Òjò lè rọ̀ léraléra nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí àgbẹ̀ gbà pé àkọ́rọ̀ ti dé, kó náwó sórí irúgbìn àti lébìrà, kí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì tẹ̀ lé e tí gbogbo ohun tó hù yóò fi jó gbẹ. Ẹni tó bá lówó yóò tún un gbìn. Ẹni tí kò ní yóò lọ yá owó èlé. Lójú tèmi, àìmọ ìgbà yìí ń pa àgbẹ̀ lára ju ooru lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2024 ni ọdún tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ooru ayé.

Ohun kan náà ló ń fa ọ̀dá àti àgbàrá. Bí ooru afẹ́fẹ́ bá fi 1°C lé sí i, omi tó lè gbé mọ́ra yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Nígbà tí òjò kò bá rọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí yóò máa fa omi inú ilẹ̀; nígbà tí òjò bá sì dé, púpọ̀ nínú ohun tó ti gbé pamọ́ ni yóò dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ayé ń sun ló pọ̀ jù nínú ohun tó fa ooru náà, ìpín Áfíríkà nínú rẹ̀ sì kéré gan-an. Síbẹ̀, nínú omíyalé ọdún 2022, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó kúrò nílé wọn.

Mi ò fara mọ́ ẹni tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́ ṣá o. Gọ́tà tí a fi ike àti ọ̀rá dí, àti ilé tí a kọ́ sí bèbè odò Ọ̀ṣun tàbí ti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀, ọwọ́ wa ni wọ́n wà. Bí òjò bá ti ń le sí i, àṣìṣe tí omi máa ń fojú fò tẹ́lẹ̀ kò ní ṣeé fojú fò mọ́.

Ọdọọdún ni NiMet, àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń kéde ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí ìkéde náà dé ìpàdé àwọn àgbẹ̀ àti orí rédíò ní èdè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá lọ sóko. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbin gbogbo ilẹ̀ yín sórí òjò kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe irú àgbàdo tó ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 95, tó lè yọ kí ọ̀dá tó ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bá wa mú irúgbìn náà dé Òṣogbo, ní iye tí apá àgbẹ̀ ká, kí oṣù Ẹrẹ́nà tó wọlé.