Béèsì tó dùn nínú yàrá, tó sọnù láàárín báńdì

Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ lórí gìtá béèsì mi, mi ò tètè sùn. Mo jókòó ti ámpì kékeré tó wà nínú yàrá mi, mò ń ta á lọ, ìsàlẹ̀ ń ki, òkè ń dán, ohùn yẹn kún gbogbo yàrá bí ìgbà tí omi bá kún inú agbada, inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù mo ká a sílẹ̀. Ó wá di Sátidé tá a lọ ṣe rìhásà, a ò tíì kọ orin kejì tán tí onílù wa fi dáwọ́ dúró, ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tan ámpì yín ṣá? Mi ò gbọ́ yín o." Mo tan ámpì. Kódà mo ti gbé fólúùmù kọjá ibi tí mo máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ pé nǹkan kan ń mi ilẹ̀, àmọ́ ohun tí mò ń ta gan-an, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, torí mo rí i pé àwa tá a fẹ́ràn ká máa tú béèsì palẹ̀ ká tún máa tò ó, ìgbà tá a bá dá wà la máa ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe béèsì fún ẹni tó dá wà, àárín ìlù àti gìtá àti kíbọ́ọ̀dù àti ohùn èèyàn ló ń gbé, ibẹ̀ ló yẹ ká ti dán an wò kó tó di pé a gbé skrudíráfà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí bí mo ṣe rà á. Àlòkù ni, irú ti Jazz Bass, pickup méjì, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ okùn tó sì ń gbé ohùn ẹ̀ lọ sínú ámpì, ọrùn tó tín-ín-rín lókè, níbi nut, ibi tí okùn ti ń gba òkè ọrùn kọjá, kò fẹ̀ ju íǹṣì kan àtààbọ̀ lọ, ọwọ́ mi ò gùn, torí náà irú ọrùn yẹn ló bá mi mu. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ó ti ki wáyà bọ̀ ọ́ ó fẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́ yọ wáyà yẹn ná. Mo gbé e sójú bí káfíńtà ṣe ń di ojú kan wo pákó bóyá ó gún, mo wo ọrùn ẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, torí pickup ṣe é pààrọ̀, nọ́bù ṣe é pààrọ̀, àmọ́ ọrùn tó bá ti lọ́ bí okùn, owó ni wàá máa ná lé e. Mo fi ìka kan tẹ okùn E, èyí tó nípọn jù, mọ́ fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn), mo fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara, mo wá wo àárín, níbi fret keje sí ìkẹjọ, bóyá àlàfo kékeré wà lábẹ́ okùn yẹn. Tí bébà líle kan bá lè gba ibẹ̀ kọjá, ó dáa. Tí kò bá sí àlàfo kankan, ọrùn yẹn ti tẹ̀ sẹ́yìn, tó bá sì pọ̀ jù, okùn ń fa ọrùn yẹn síwájú, irin tó wà nínú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní truss rod, ló ń tún méjèèjì ṣe. Mo wá tọrọ kó jẹ́ kí n yí truss rod yẹn díẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ń yí. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Béèsì tí wọ́n ti yí truss rod ẹ̀ dópin tí ọrùn ẹ̀ ò sì tíì gún, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ohun kejì tí mo wò ni bó ṣe wúwo tó. Mo fi bẹ́líìtì gbé e kọ́rùn mo dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lọ, mo wá jọ̀wọ́ ọwọ́ òsì mi lójijì. Béèsì tí orí ẹ̀ bá já wálẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ òsì yín láá máa gbé e ró ní gbogbo àkókò tẹ́ ẹ bá ń ṣeré, tó bá fi máa di orin kẹwàá, èjìká á ti sọ fún yín.

Nọ́bù ẹ̀ ń dún kàràkàrà tí mo bá yí i. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, ìdọ̀tí ni, oògùn tí wọ́n ń fín sínú nọ́bù á lé e lọ.

Mo gbé e délé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá gbé fólúùmù pickup méjèèjì dé òkè, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ tí mo bá sọ ọ̀kan kalẹ̀ díẹ̀, hùùù. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn o, kì í ṣe àrùn. Pickup kọ̀ọ̀kan nínú irú béèsì yìí jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ òòfà, wáyà tí wọ́n bá wé bẹ́ẹ̀ á máa gbọ́ iná mànàmáná tó wà láyìíká, wọ́n wá wé ti ìkejì sódì sí ti àkọ́kọ́, nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, ariwo ti ọ̀kan á pa ti ìkejì. Ọgbọ́n yẹn kan náà ló wà nínú pickup tí wọ́n là sí méjì tí Fender, ilé iṣẹ́ tó ṣe Jazz Bass, gbé sórí béèsì wọn tó ń jẹ́ Precision Bass lọ́dún 1957. Precision yẹn fúnra ẹ̀ ti jáde láti 1951, orúkọ yẹn sì nítumọ̀, torí béèsì gogoro tí wọ́n ń lò kó tó dé ò ní fret, etí àti ìka ẹni ló ń wá ohùn, àmọ́ èyí ní fret, ohùn á bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí gẹ́lẹ́. Gígùn okùn ẹ̀, íǹṣì 34 láti nut dé bridge, irin tí okùn gbé lé lára béèsì, ọ̀pọ̀ béèsì ṣì ń lò ó títí dòní. Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960.

Mi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Mo ra bàbà tín-ín-rín tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo lẹ bàbà yìí mọ́ gbogbo inú ihò tí wáyà wà, mo jó o pọ̀ mọ́ wáyà ground. Odidi ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo dì í padà, ariwo ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ tó máa ń jáde tí mo bá gbọ́wọ́ kúrò lára okùn ti lọ, inú mi dùn, àmọ́ hùùù yẹn wà níbẹ̀ digbí. Ẹ̀yìn náà ni mo tó wá lóye pé oríṣi méjì ni wọ́n. Bàbà lè dí ọ̀nà mọ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ hùùù yẹn, agbára òòfà tó ń jáde látara iná àti transformer ló ń gbé e wá, bàbà tín-ín-rín ò lè dá ìyẹn dúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ pátápátá, pickup tó ní wáyà méjì nínú, tí wọ́n wé sódì síra wọn, lẹ máa rà.

Ohun tí mo rà náà nìyẹn, ibẹ̀ ni mo wá ti kọjá àyè mi. Mo ní ṣebí mo ti tú u palẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ n kúkú fi preamp tó ń lo bátìrì 9V sí i, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé ámpì. Látìgbà tí béèsì StingRay ti jáde ní 1976 làwọn tó ń fi béèsì ṣeré ti fẹ́ràn irú ẹ̀, torí o lè fi nọ́bù ara béèsì gbé ìsàlẹ̀ àti òkè sókè láìdé ìdí ámpì. Mo gbé méjèèjì sókè, mo sì sọ àárín kalẹ̀. Nínú yàrá, ohùn ọlọ́lá ni.

Kí ló dé tó fi sọnù ní rìhásà? Mo rò ó títí, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Okùn E, tẹ́ ẹ bá ta á láìtẹ̀ ẹ́, ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ sípíkà ò lágbára láti gbé ìyẹn jáde dáadáa, ohun tí etí wa fi ń mọ̀ pé E ni a ta ni àwọn ohùn kéékèèké tó ń gun orí ẹ̀ lọ, 82, 123, 164, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlù ńlá tí onílù ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ti gbilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀. Òkè ńkọ́? Síńbà àti gìtá ló ni ín. Ó wá ku àárín, bíi láti ìgbà 200 lọ sí 800 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibẹ̀ ni béèsì ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́ ohun tó ń wí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi sọ kalẹ̀. Mo gbé e sókè níbi tí àyè ò sí, mo wá yọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ dè é.

Bátìrì náà tún ṣe tiẹ̀. Irú béèsì bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, bátìrì ti ń jó nìyẹn, bẹ́ ẹ ta á bẹ́ ò ta á. Mo gbàgbé wáyà lára ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, a wà lórí ìtàgé, a wà láàárín orin, ohùn béèsì bẹ̀rẹ̀ sí í fàya bíi bébà, ó ń fàya ó ń fàya, ó sì pa kú. Olórin wa yíjú wò mí, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn tó kù ti múra fún ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo yọ preamp kúrò. Mo dá pickup àtijọ́ padà, nọ́bù 250k mẹ́ta, kapásítọ̀ 0.047 kan, ó tán. Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ran báńdì wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kékeré ni gbogbo wọn.

Okùn ló kọ́kọ́ wá. Mo bọ́ èyí tó rí kọ́ńdókọ́ńdó lára, mo fi flatwound sí i, èyí tí ara ẹ̀ jọ̀lọ̀. Kì í dán púpọ̀, àmọ́ ohùn ẹ̀ sanra láàárín, ibi tí mo ń wá náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo gé fóòmù kan, mo kì í bọ abẹ́ okùn nítòsí bridge, kí ohùn má baà fà gùn jù. James Jamerson tó ta béèsì sínú àìmọye orin tí Motown, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà, gbé jáde, Precision 1962 kan pẹ̀lú flatwound tí kì í sábà pààrọ̀ ló ń lò, fóòmù wà lábẹ́ ìdérí bridge ẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Mo ti mọ ìtàn yẹn tipẹ́. Mi ò gbà á gbọ́ àfìgbà tí mo gbọ́ ọ láàárín báńdì tèmi: ohùn kọ̀ọ̀kan á dé, á sọ tiẹ̀, á kúrò lọ́nà, ìlù á sì rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé.

Ẹ má gbàgbé pé okùn tuntun máa ń yí gbogbo nǹkan padà o. Flatwound tí mo fi sí i le ju ti tẹ́lẹ̀, ó fa ọrùn síwájú, mo yí truss rod díẹ̀, kò tó ìdá mẹ́rin àyíká kan, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó tún wò ó. Ẹ má kánjú níbi yìí, igi ni. Lẹ́yìn náà mo wá yẹ bridge wò: ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá kẹ́ ẹ ta á, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tún ta á, ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga ju èkejì, ẹ sún saddle, irin kékeré tí okùn gbé lé lórí bridge, sẹ́yìn. Tó bá wálẹ̀, ẹ sún un síwájú. Mo ti rí àwọn tó ná owó rẹpẹtẹ sórí pickup nígbà tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á ní béèsì àwọn ò bá kíbọ́ọ̀dù mu.

Ohun kan tí mo tún fi sí i tí mi ò kábàámọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ okùn E tó ní apá kékeré, tẹ́ ẹ bá fi ìka yí i, E á bọ́ sí D lẹ́ẹ̀kan náà. Olórin wa fẹ́ràn orin tó wà lórí D, mo ti ń ronú láti ra olókùn márùn-ún, àmọ́ okùn B ìsàlẹ̀ yẹn ń gbọ̀n bí ìgbà 31 péré, ámpì mi ò lè gbé e. Èyí tó mi.

Àbúrò kan tó ń ta gìtá nínú báńdì wa ń rọ̀ mí pé kí n yọ gbogbo fret kúrò bíi ti Jazz Bass 1962 tí Jaco Pastorius, ìlúmọ̀ọ́ká nídìí béèsì, fi epoxy, gọ́ọ̀mù tó máa ń le gbagidi, bò lójú. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn dọ́ba. Àmọ́ béèsì kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni màá fi ṣe ìyẹn.

Nísinsìnyí, tí mo bá fẹ́ yí ohunkóhun padà, màá gbé fóònù sí òdìkejì yàrá rìhásà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó ká orin kan sílẹ̀ kí n tó yí i, màá tún ká orin yẹn kan náà lẹ́yìn tí mo bá yí i tán. Mo máa ń fi méjèèjì ránṣẹ́ sí onílù wa láìsọ èyí tó jẹ́ tuntun fún un. Tí kò bá rí ìyàtọ̀, tàbí tó mú ti àtijọ́, màá dá a padà. Pickup olówó gọbọi yẹn pẹ̀lú preamp wà nínú páálí wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ku fret keje lórí okùn A tó ṣì ń dún zzz tí mo bá ta á le, mo ti fi irin tó gún wọ̀n ọ́n, fret kan ló ga díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ níwájú ẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rìhásà ni màá gbé fáìlì sí i.